Dígíríì Ọgbọ̀n àti Àwọn Ọlọ́wọ́ Òfìfo

Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga wa ló ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Dígíríì Ọgbọ̀n. Lójú rẹ̀, Màdáámù ni. Bó bá ti yí ẹ̀yìn padà, Dígíríì Ọgbọ̀n ni, láti orí ọ̀gá pátápátá títí dé orí ẹni tó ń ṣí géètì. Ó mọ̀. Ó ní orúkọ náà ò burú, pé ohun tí òun ò ní gbà ni kí ẹnikẹ́ni pe òun ní Dígíríì Mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kúrò lọ́nà. Lójúkojú, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, torí ọdún mẹ́jọ ló fi jù mí lọ, kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé. Ṣùgbọ́n níbí, "ó" ni n ó máa lò. Bí mo bá ń sọ "wọ́n" látòkè délẹ̀, ẹ ó rò pé ogún èèyàn ni mò ń sọ̀rọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ni, pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó ń lo awò méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí, tó sì máa ń wá ẹ̀kẹta.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka ìdè tó wà láàárín àwọn mólékù nínú nǹkan olómi. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kí n tún un sọ. Èmi náà ní kó tún un sọ nígbà àkọ́kọ́. Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi rèé. Nínú ife omi kan, àwọn ẹ̀yà kéékèèké kan wà tí ojú ò lè rí, mólékù ni wọ́n ń pè wọ́n. Mólékù kọ̀ọ̀kan ní ọ́síjìn kan láàárín, ó sì ní háídírójìn méjì tó yọ jáde lára rẹ̀ bí apá. Apá yìí ló máa ń nà sí ọ́síjìn aládùúgbò rẹ̀. Bó bá nà án dáadáa, ìdè ti wà nìyẹn. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn bá di ara wọn mú báyìí, wọ́n á di àwọ̀n. Àwọ̀n náà á já, á tún ara rẹ̀ so, á tún já, kéèyàn tó ṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀kan. Ó ní ìdí tí omi kì í fi í tètè hó nìyẹn. Mo ní mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé ìkà ló ń ṣe é.

Wàyí o, níbo ni "dáadáa" ti bẹ̀rẹ̀? Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń jẹun. Òfin méjì ló ní. Àkọ́kọ́, ọ́síjìn méjèèjì ò gbọ́dọ̀ jìnnà síra wọn kọjá ìwọ̀n kan. Èkejì, apá tí mólékù nà ò gbọ́dọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà tó já tààrà sí aládùúgbò rẹ̀ kọjá ọgbọ̀n dígíríì. Bó bá fi bíńtín kọjá ọgbọ̀n, kò sí ìdè, ó parí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nígbà kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Màdáámù, ìdá kan nínú mẹ́wàá dígíríì ni ti èmi fi kọjá." Ó wo ọmọ náà látòkè awò, ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí n bá mólékù dọ́gbọ́n ni?"

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Àwọn èèyàn ní ìfẹ́ ló so wọ́n pọ̀. Èmi rò pé igun ni. Nígbà tí ọkùnrin náà kan pẹpẹ sí ilé ìdáná, ẹ̀gbọ́n mi gbé ohun tí wọ́n fi ń wọn igun lé e lórí, ó ní dígíríì kan ló fi wọ́. Ọkọ rẹ̀ ní, "Ìyàwó mi, pákó lèyí, abọ́ ni wọ́n fẹ́ gbé lé e." Ó gbé òòlù rẹ̀, ó jáde, ó dé nírọ̀lẹ́, ó tú pẹpẹ náà, ó sì tún un kàn. Láti ìgbà náà, kò kan nǹkan kan mọ́ nínú ilé yẹn láìjẹ́ pé aya rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́.

Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, láti ìgbà tí ọkọ tèmi ti rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbà mí sílé, òun náà ló mú mi wọ iṣẹ́ akọ̀wé ní ẹ̀ka tí òun ń bá ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń tẹ ìwé, èmi ni mò ń to fáìlì. Ìwé kankan ò lè dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá wa láìgba orí tábìlì mi, torí ọ̀gá náà gbà pé bí ẹnikẹ́ni bá fi ìwé lé òun lọ́wọ́ tààrà, ìwọ̀sí ni.

Ọ̀gá Àwọ̀n la fi ń pè é láàárín ara wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, onírùngbọ̀n, bàtà rẹ̀ máa ń ké kó tó yọ. Kò tíì kó ẹja kan rí láyé rẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ àwọ̀n mólékù ló sọ ọ́ di olókìkí. Ọdún mẹ́fà ṣáájú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí sípíríìtì, irú èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu apá èèyàn kó tó gún un lábẹ́rẹ́. Apá háídírójìn kan péré ni mólékù sípíríìtì ní tó lè fi di ẹlòmíràn mú. Yóò di ẹni iwájú rẹ̀ mú, ẹni ẹ̀yìn á di òun náà mú, wọ́n á tò lọ báyìí bí àwọn ọmọ iléèwé tó ń ṣeré ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tó bá wà ní ìparí ìlà ni ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Àwọn onímọ̀ níbòmíràn ka àwọn ọlọ́wọ́ òfìfo yìí, wọ́n rí mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀gá Àwọ̀n ka tirẹ̀, ó rí méjìdínlógún.

Méjìdínlógún yìí ló gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú kiri. Ó ní sípíríìtì ya ara rẹ̀ sí ìpele-ìpele, pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ò lójú tí wọ́n fi máa rí i. Ó ya àwòrán wọn, ó fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ sí ẹ̀yìn àga rẹ̀, níbi táwọn mìíràn máa ń gbé àwòrán ìyàwó wọn kọ́ sí. Ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá a ka gbogbo ọlọ́wọ́ òfìfo wọ̀nyí, ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ọ́. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka náà ló ń lò ó. Nínú ìwé tí Ọ̀gá Àwọ̀n ń tẹ̀ jáde, "ètò wa" ló máa ń kọ.

Ohun kan wà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́. Ó fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe Ọ̀gá Àgbà yàrá ìwádìí kí òun tó fẹ̀yìntì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti dá a padà nítorí kò ní ìwé ẹ̀rí kejì, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí kejì náà ni wọ́n máa ń tò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pé kó bá àwọn wo ibi tí ètò àwọn ti kọ́ lẹ́sẹ̀. Lọ́dún yẹn, wọ́n ṣe òfin tuntun: ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ kan tí gbogbo ẹ̀ka ń lò, wọ́n lè gbé e ga láìbéèrè ìwé ẹ̀rí. Ọdún méjì ló kù fún un. Ìgbìmọ̀ máa jókòó lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ra bàtà tuntun, ó ń fi rìn káàkiri nínú pálọ̀ kí ó má bàa ta á lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì sọ fún mi láìtijú pé, "Mo fẹ́ kí wọ́n pe èmi náà ní ọ̀gá kí n tó kúrò níbẹ̀ o." Mi ò gbọ́ kó tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí ṣáájú ìgbà yẹn.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí à ń pè ní Dókítà Ọ̀la wá bá a. Láti ọdún mẹ́rin ni ọmọbìnrin yìí ti ń sọ pé òun á di dókítà lọ́la. Orí ọlọ́wọ́ òfìfo lòun náà ń ṣiṣẹ́, ó fẹ́ àwòrán tó rẹwà tó máa fi ṣíwájú ìwé rẹ̀. Ó ní kí Màdáámù kun gbogbo ọlọ́wọ́ òfìfo ní pupa, kó kun àwọn yòókù ní búlúù. Mo gbé tíì wọlé, mo bá àwọn méjèèjì níwájú kọ̀ǹpútà. Àpótí kan wà lójú rẹ̀, mólékù kún inú rẹ̀, pupa sì fọ́n ká gbogbo ara rẹ̀.

Dókítà Ọ̀la ní, "Màdáámù, ó rẹwà o. Ẹ jẹ́ ká yí i díẹ̀ kí n wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀."

Òkè ni gbogbo ayé ti máa ń wo àwòrán yẹn láti ọdún mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó yí i sí ẹ̀gbẹ́ rí. Ẹ̀gbọ́n mi yí i. Ó kù díẹ̀ kí n da tíì sílẹ̀, kì í ṣe torí ohun tí mo rí, torí ojú ẹ̀gbọ́n mi ni. Láàárín àpótí náà, búlúù ló pọ̀ jù, pupa kan níbí, pupa kan lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n lókè pátápátá àti nísàlẹ̀ pátápátá, pupa dì bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀dà kun òrùlé àti ilẹ̀ yàrá.

Ó gba tíì lọ́wọ́ mi, ó gbé e kalẹ̀ láìmu ún. Ó sọ fún Dókítà Ọ̀la pé àwòrán náà kò tíì ṣetán, kó má tẹ nǹkan kan jáde lọ́sẹ̀ yẹn, kó máa lọ. Nígbà tí ọmọ náà jáde, ó ní, "Mo gbàgbé òrùlé." Mo wo òkè. Ó ní, "Kì í ṣe tibí yìí, ìwọ náà!"

Ó ṣàlàyé fún mi, mo sì lóye rẹ̀, torí náà kò sí ẹni tí kò lè lóye rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò lè gba sípíríìtì ìgò kan. Àpótí bíńtín tí mólékù bíi ẹgbẹ̀rún méjì wà nínú rẹ̀ ló lè gbà. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé mólékù tó bá wà lẹ́bàá ògiri ò ní aládùúgbò lódìkejì. Àwọn onímọ̀ wá ṣòfin kan tí mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni: ẹni tó bá gba ògiri ọ̀tún jáde, ògiri òsì ló máa gbà wọlé. Ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri ọ̀tún àti ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri òsì wá di aládùúgbò ara wọn, bí ìgbà tí wọ́n bá rán etí aṣọ méjèèjì pọ̀ tó di síkẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni iwájú àti ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí òrùlé àti ilẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n nígbà tó kọ ètò náà lákọ̀ọ́kọ́, ojú omi ni wọ́n ń yẹ̀ wò: omi nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ lókè. Nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀, wọn kì í rán òrùlé mọ́ ilẹ̀, torí afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn. Ó kọ ìlà kan pé kí ètò náà má so wọ́n pọ̀, ó sì tọ̀nà. Nígbà tí Ọ̀gá Àwọ̀n bọ́ sórí sípíríìtì, sípíríìtì kún àpótí bámúbámú, kò sí afẹ́fẹ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tún ohun gbogbo ṣe nínú ètò náà, ìlà kan ṣoṣo yẹn ló fojú fò. Láti ọdún mẹ́fà, gbogbo mólékù tó di ọwọ́ ẹnì kejì rẹ̀ mú gba ojú òrùlé kọjá ni ètò náà ń kà sí ọlọ́wọ́ òfìfo. Ó rán òrùlé mọ́ ilẹ̀ lójú mi níbẹ̀, ó tún un kà. Mẹ́fà àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún.

Nírọ̀lẹ́, nínú ilé ìdáná, mo sọ èrò ọkàn mi. Mo ní, "Àǹtí, ẹ gbọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí Fúráìdeè kọjá. Ẹ gba ipò yín. Ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀, kí ẹ wá rí àṣìṣe náà."

Ó ní, "Mo ti rí i."

"Ẹ tún un rí ní Mọ́ńdè."

"Ọ̀rọ̀ wèrè wo lò ń sọ yìí?"

Mo yíjú sí ọkọ rẹ̀ pé kó gbà mí. Ó ń fi ọ̀bẹ pa bọ́tà sára búrẹ́dì, ó ní, "Àbúrò, ẹni tó ní kí n tú pẹpẹ nítorí dígíríì kan lò ń bẹ̀ yẹn." Ó gé búrẹ́dì rẹ̀ jẹ. Inú bí mi sí àwọn méjèèjì.

Ọ̀gá Àwọ̀n wà lẹ́yìn odi, níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ nípa méjìdínlógún rẹ̀ fáwọn èèyàn, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló máa dé. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì lórí fóònù. Ó ní ọ̀rọ̀ tí nọ́ńbà bá wà nínú rẹ̀, ìwé la fi ń sọ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kọ ojú ìwé méjì, ó fi sínú àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́, ó gbé e wá sórí tábìlì mi. Ó ní, "Kí èyí wà lórí gbogbo ìwé tó kù. Kó kà á kó tó wọ ìgbìmọ̀." Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mà." Ó lọ.

Mo jókòó ti àpòòwé yẹn fún bíi wákàtí kan. Mo ro bàtà tuntun náà. Mo ro ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n ti dá a padà, tó sì wá sílé tó ní kò sí nǹkan, tó ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Mo wá sọ fún ara mi pé ó ti tó ọdún mẹ́fà tí sípíríìtì ti ń lanú sílẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà sí i ò lè pa á. Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn lẹ́tà tó wọlé. Mo ṣí dúróà, mo ti àpòòwé náà bọ abẹ́ páálí píìnì, mo tì í pa. Ète mi ni pé tó bá di ọjọ́ Ajé, n ó fi í fún Ọ̀gá Àwọ̀n, n ó sì ní ó há sáàárín àwọn ìwé mìíràn ni. Mo ro gbogbo rẹ̀ pé. Mo tiẹ̀ ń yin ara mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, èèyàn mẹ́rin ló jókòó nínú yàrá ìpàdé. Ọ̀gá Àwọ̀n wà níbẹ̀. Alága ni obìnrin onímọ̀ nípa kòkòrò láti ẹ̀ka mìíràn, tí ojú rẹ̀ le, tí ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Àwọn ọkùnrin méjì yòókù wá torí tíì. Èmi wà ní igun, mò ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ, torí kò sí akọ̀wé mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé nínú bàtà tuntun, ó kí wọn, wọ́n ní kó jókòó.

Ọ̀gá Àwọ̀n ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ká sọ tòótọ́, ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní ètò tí obìnrin yìí kọ ló gbé ẹ̀ka náà dé ibi tó dé, pé láìsí i, ayé ì bá má mọ̀ nípa àwọn ọlọ́wọ́ òfìfo. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò pè é ní "ètò wa". Ẹ̀gbọ́n mi ń wò ó bí ẹni tó ń wo èèyàn tó gbàgbé ṣòkòtò sílé. Ó lóye ohun kan, ó sì ṣì í lóye: ó rò pé ọkùnrin náà ti ka ìwé òun, tó sì fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ Túsìdeè ńkọ́?"

"Ìwé wo?"

"Ojú ìwé méjì. Nínú àpòòwé."

Ọ̀gá Àwọ̀n yíjú sí mi. Gbogbo wọn yíjú sí mi. "Akọ̀wé, ṣé ìwé kankan wá?"

 Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn bébà iwájú mi bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ẹ̀gbọ́n mi náà wò mí. Kò pẹ́ rárá. Mo rí i nígbà tó yé e, torí ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó rọra gbé e lé orí tábìlì. Mo ń dúró de ohun tó máa sọ. Gbogbo ayé mi ni mo ti mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ pé kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Ẹ má bínú sà. Ọwọ́ mi ló ṣì wà. Mi ò tíì fún akọ̀wé."

Ó dìde, ó mú bébà kan lórí tábìlì, ó ká a kí etí rẹ̀ méjèèjì pàdé, ó sì ṣàlàyé òrùlé àti ilẹ̀ fún wọn bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Kò gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe méjìdínlógún. Mẹ́fà ni, bí àwọn yòókù ṣe sọ." Ọ̀gá Àwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í fa rùngbọ̀n rẹ̀.  Ọ̀kan nínú àwọn tó wá torí tíì gbé ife sílẹ̀.

Alága ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo dúpẹ́ tí ẹ sọ ọ́. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí, odindi ọdún kan ni mo fi ka akọ kòkòrò mọ́ abo. Ìgbà wo lẹ rí i?"

"Mọ́ńdè."

"Mọ́ńdè. Òní sì ni Fúráìdeè. Ẹ mọ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin, ẹ ò sọ fún ẹnì kankan?"

Mo fi bírò sílẹ̀. Mo fẹ́ dìde. Ẹ̀gbọ́n mi ò wo ọ̀dọ̀ mi, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, níbi tí èmi nìkan ti lè rí i, ó sì tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sísàlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo bá fẹ́ pariwo níbi tí kò yẹ. Mo jókòó.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mi ò sọ fún ẹnì kankan."

Bá a ṣe ń lọ sílé, kò bá mi jà. Ó bọ́ bàtà tuntun sọ́wọ́, ó ní ó ń ta òun lẹ́sẹ̀. Mo sunkún láti ẹnu géètì títí a fi délé. Òun ń bi mí bóyá búrẹ́dì ṣì wà nílé.

Ọ̀gá Àwọ̀n bọ́ àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri, òun fúnra rẹ̀ ló gun àga. Dókítà Ọ̀la sunkún fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ó ṣáà ti mọ ìdí tí ìṣirò òun ò fi bá ti àwọn ará òkèèrè mu. Orí mẹ́ta nínú ìwé rẹ̀ ló máa tún kọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á jókòó tì í títí tó fi máa parí.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ìwé ìpinnu ìgbìmọ̀ jáde. Ọwọ́ ni alága fi kọ ọ́, ó sì fún akọ̀wé kó tẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé, èmi nìyẹn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbìmọ̀ ò ka àṣìṣe náà sí ẹ̀ṣẹ̀, pé bí òṣìṣẹ́ yìí ṣe fojú ara rẹ̀ rí i, ó yẹ kí wọ́n gbé e ga nítorí rẹ̀. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lábẹ́ rẹ̀ ló wá kọ ọ́ pé: "Ṣùgbọ́n ó mọ̀ ní ọjọ́ Ajé, ó sì fi pamọ́ títí di ọjọ́ Ẹtì. Ìgbìmọ̀ kò lè fi ẹni tó fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ ṣe Ọ̀gá Àgbà."

Mo gbé ìwé náà, mo sáré lọ sí yàrá rẹ̀. Òun nìkan ló wà níwájú kọ̀ǹpútà, ó ń tún ìṣirò Dókítà Ọ̀la kà. Mo fi ìwé náà hàn án. Ó kà á tán, ó dá a padà fún mi.

Mo ní, "Àǹtí, mò ń lọ sọ fún wọn. Wọn ì bá ti fún yín. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Ó ní, "Ọdún mélòó ló kù fún ọ níbí?"

"Mẹ́wàá."

"Èmi ńkọ́?"

"Méjì."

"Bí o bá sọ fún wọn, wọ́n á lé ọ lónìí. Níbo lo fẹ́ lọ?" Ó yíjú padà sí kọ̀ǹpútà. "Lọ tẹ̀ ẹ́."

"Kì í ṣe òótọ́ ló wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà."

Mo padà sídìí tábìlì mi, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún alága, ọ̀kan fún Ọ̀gá Àwọ̀n, ọ̀kan fún fáìlì rẹ̀. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi pa láyé rẹ̀, nítorí mi ló ṣe pa á, ọwọ́ mi yìí náà ni mo sì fi tẹ̀ ẹ́ sínú fáìlì rẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀.